Ọ̀rẹ́ Lórí Ìwọ̀n

Ọkọ̀ àgbékọ́ náà dúró gbagidi láàárín òfuurufú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà lórí imọ̀ ọ̀pẹ.

"Okùn ta ló pupa nínú yín?" Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó gbé àpò kòkó lé itan ló kọ́kọ́ pariwo. "Ẹ tètè jẹ́wọ́ o! Mi ò fẹ́ jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi lókè yìí."

Mopélọ́lá fi ọwọ́ òsì bo ẹ̀gbà tó wà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó ń fi àwọ̀ okùn ọ̀rẹ́ hàn, ṣùgbọ́n iná pupa náà ń gba àárín ìka rẹ̀ yọ. Kò ní láti bojú wẹ̀yìn kó tó mọ ẹni tó bẹ́ wọlé nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fẹ́ pa dé. Ó ti gbọ́ bó ṣe ń mí. Ní gbogbo Ìdànrè, láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń mí bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé kúrò nídìí ẹ̀gẹ́. Fadérera ni.

"Ẹ̀yin èrò wa, ẹ kú sùúrù," ni ohùn ọkọ̀ náà wí, ohùn obìnrin tó tutù bí omi àmù. "Àwọn ọ̀dọ́ méjì tí okùn wọn pupa ló wà nínú ọkọ̀ kan náà. Kí ọ̀kan nínú wọn jọ̀wọ́ bọ́ sílẹ̀, kí a lè máa lọ."

Gbogbo èrò wo ìsàlẹ̀ láti ojú gíláàsì. Àpáta dúdú ló tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ níbẹ̀, àwọn igi kòkó tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì kéré bí ewébẹ̀ inú àwo. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fò já kòkó ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lórí wọn bí eṣinṣin.

"Kó bọ́ sílẹ̀ sí ibo?" ni obìnrin kan tó pọn ọmọ béèrè. "Ṣé ẹyẹ ni?"

Ẹ̀rín sọ. Alápò kòkó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Kí ẹni tó fò wọlé kẹ́yìn fò jáde. Òun ló mọ fífò."

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Fadérera wí láti ẹnu ọ̀nà. "Bí mo bá dúró de ọkọ̀ tó tẹ̀lé e, ìgbẹ́jọ́ wa á ti bẹ̀rẹ̀. Bí mi ò bá sì débẹ̀, wọ́n á ní mo sá ni."

"Ìgbẹ́jọ́ wa?" Bàbá náà wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Ẹ̀yin méjèèjì ń bá ara yín ṣẹjọ́, ẹ wá jọ wọ ọkọ̀ kan náà?"

"A ò bá ara wa ṣẹjọ́, sà," ni Mopélọ́lá dá a lóhùn, kò yíjú padà. "Ẹ̀gbà ọwọ́ wa ló ń bá wa ṣẹjọ́."

Obìnrin tó pọn ọmọ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ọmọ òun àgbà ti ní okùn pupa rí, òun sì mọ ohun tí ọkọ̀ ń fẹ́. "Kí ọ̀kan lọ sí igun tọ̀hún, kí èkejì wá síhìn-ín. Ẹ kẹ̀yìn síra yín, ẹ pa ẹnu mọ́. Bí ẹ ò bá ríra yín, tí ẹ ò sì sọ̀rọ̀, ẹ̀gbà á rò pé ẹ ti jìnnà síra yín. Kò gbọ́n tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀."

Èrò súnra kì, ẹnì kan tẹ àpò kòkó mọ́lẹ̀, ẹni tó ni ín sì bú u. Fadérera gba apá kan kọjá, Mopélọ́lá gba apá kejì. Bí èjìká wọn ṣe fẹ́ kanra, Fadérera fa ẹ̀mí sínú, ó mú un dání títí ó fi dé igun. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí wọn ò súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Iná ẹ̀gbà rọlẹ̀ díẹ̀. Wáyà orí wọn dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀, ọkọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ.

"Ìranù gbáà ni Ìwọ̀n yìí, ẹ̀rọ tó ń tinú ẹ̀gbà wọn ọ̀rọ̀ ẹni," ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wí lẹ́bàá fèrèsé.

"Má sọ bẹ́ẹ̀ níwájú mi." Alápò kòkó ni. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, fóònù lásán ni wọ́n ń lò, kò sẹ́ni tó ń wọn ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kó ọ̀rọ̀ bò ó. Àárọ̀ wọ́n á kọ, alẹ́ wọ́n á kọ. Kò jáde nílé mọ́. Nígbà tó yá, kò jẹun mọ́. A ti sin ín tipẹ́. Ká ní Ìwọ̀n wà nígbà náà, ì bá ti di ìyá àgbà."

Mopélọ́lá gbé iwájú orí rẹ̀ ti gíláàsì tó tutù. Ó ti ń wá ẹni tó máa bínú sí láti ọjọ́ tí okùn òun àti Fadérera ti pupa, kò sì tíì rí ẹnì kan. Òfin náà kò burú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le.

*

Nílé Ìwọ̀n, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti pín wọn níyà. Wọ́n mú Fadérera lọ sí yàrá ọ̀tún, wọ́n mú Mopélọ́lá lọ sí yàrá òsì, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń dúró dè é. Màmi ti fi ọkọ̀ ilẹ̀ wá láti ibi iṣẹ́. Ó ti wé gèlè, bí ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ àna.

Alárinà tó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn ń jẹ́ Arábìnrin Adétúlà. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, ó ti bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí ife ògì tó gbóná. Ó na àwo ẹ̀pà sí Mopélọ́lá.

"Jẹ ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbọ́ kò yẹ fún ikùn òfìfo."

Ó fọwọ́ kan tábìlì. Láti inú ògiri, ohùn kan náà tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìtutù kan náà, bí ẹni tó ń kéde àkókò àdúrà.

"'Ọ̀pẹ! Ta ló kọ́ ẹ láyò, àgùntàn?' Ìwúwo rẹ̀ pọ̀."

Màmi dijú.

"'Orí ẹ ṣófo bí ilé ayò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó.' Ìwúwo rẹ̀ pọ̀ gan-an."

"Háà," ni Màmi wí.

"'Màá jẹ ẹ́ débi pé tí o bá délé, ìyá ẹ á bi ẹ́ pé ọmọ ta ni ẹ́.' Ìwúwo rẹ̀ kọjá ààlà."

Màmi la ojú. "Fadérera ló sọ èyí? Fadérera tó ń kúnlẹ̀ kí mi yẹn?"

"Rárá, Màmi. Èmi ni mo sọ ìyẹn."

"Mopélọ́lá!"

"Mo ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán ni, Màmi."

Màmi fa etí ìborùn rẹ̀ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mopélọ́lá wò ó, kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, kò sì dá a lójú pé Màmi fúnra rẹ̀ mọ̀.

Arábìnrin Adétúlà dá ohùn náà dúró. "Ó ṣì kù. Ó pọ̀ ju irun orí mi lọ. Kí ni ẹ̀yin méjèèjì ń bá ara yín jà lé lórí?"

"A ò jà, Mà. Ayò là ń ta, lórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa."

"Èmi náà máa ń ta ayò, lórí Pátákó ayélujára. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bú ẹnikẹ́ni rí níbẹ̀. Bí mo bá jẹ ọmọ ayò, ẹ̀rọ á ní mo káre. Bí wọ́n bá jẹ mí, á ní mo gbìyànjú."

"Ṣé ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, Mà?"

Alárinà náà gbé ife ògì rẹ̀ sílẹ̀. "Mo máa ń borí."

"Ẹni tó bá ń ta ayò láìsọ̀rọ̀, ìṣirò ló ń ṣe, Mà. Bàbá mi àgbà ló kọ́ mi. Wọ́n ní lójú ọpọ́n, ọmọdé lè pe ọba ní ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ ayò ta, ọba ò sì gbọdọ̀ bínú. Bó bá bínú, ó ti gbà pé ọ̀pẹ lòun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé ọpọ́n kúrò nílẹ̀, kí ọmọ náà yáa dọ̀bálẹ̀ kíákíá."

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ni Arábìnrin Adétúlà wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gbà á gbọ́ lóòótọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí èyí tó tẹ̀lé e wúwo. "Ṣùgbọ́n Ìwọ̀n kò mọ ọba, kò mọ ọpọ́n. Bí mo bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdí ayò kì í ṣe èébú, lọ́la gbogbo ọmọ tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ba ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ á gbé ọpọ́n síwájú kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ni màá wá sọ fún ìyá ọmọ tí wọ́n bú?"

Inú Mopélọ́lá tilẹ̀ dùn díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Ó fẹ́ràn ìbéèrè tó le.

Alárinà náà tún fọwọ́ kan tábìlì, bọ́tìnnì mẹ́ta sì tàn lójú rẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Bọ́tìnnì yìí ń sọ pé: *Ó dùn mí.* Bí o bá tẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé òun ló bú ọ, ìwọ lọ́rọ̀ dùn. Okùn rẹ á tún di àwọ̀ ewé, wọn á sì mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìtúnṣe ní Àkúrẹ́ títí yóò fi parí ìwé mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa lọ. Èyí ń sọ pé: *Kò dùn mí.* Ìwọ̀n kì í gba ìyẹn gbọ́. Ó ní ẹni tí wọ́n bá bú pẹ́, èébú á mọ́ ọn lára. Okùn yín á pupa bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́, Mà?"

"*Mo yọ̀ǹda.* Okùn á tú. Ẹ̀yin méjèèjì á di àjèjì síra yín, títí láé. Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́."

"Kí ni Ìwọ̀n máa ń wọ̀n láàárín àjèjì?"

"Kò sí nǹkan kan. Àjèjì kò lè kọ̀wé síra wọn lórí Pátákó. Wọn ò lè gbọ́ ohùn ara wọn níbẹ̀, wọn ò lè rí àwòrán ara wọn. Kí ni Ìwọ̀n fẹ́ wọ̀n?"

"Bí àjèjì méjì bá wá pàdé lórí àpáta ńkọ́, Mà?"

Arábìnrin Adétúlà ti gbé ife dé ẹnu. Kò mu ún. Ó wo ọmọbìnrin náà lọ títí. "Òfin," ló wí jẹ́jẹ́, "kò sọ nǹkan kan nípa àpáta."

"Kí ló wá dé tẹ́nikẹ́ni kì í tẹ̀ ẹ́?"

"Nítorí pé gbogbo ohun tí ẹ ti jọ ṣe láti kékeré, orí okùn yẹn ló wà. Àwòrán yín, ohùn yín, ọjọ́ ìbí yín. Bí okùn bá tú, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Àwọn èrò tó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ lórí Pátákó pọ̀, Mopélọ́lá. Wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ọ. Bó bá yọ̀ǹda rẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn á bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Àti pé nǹkan kan tún wà." Ó fi ìka kan eteetí tábìlì. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí ìwọ bá yọ̀ǹda, tí òun wá ní ó dùn òun, Ìwọ̀n á kà á sí pé o ti jẹ́bi ni o fi fẹ́ sá. Ìwọ lo máa lọ sí Àkúrẹ́."

"Ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀?"

"O ò lè bá a sọ̀rọ̀."

Alárinà náà wọ bàtà rẹ̀, ó gbé ife ògì, ó ní òun ń lọ sí yàrá kejì láti lọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Màmi fa àga súnmọ́ ọn. "Sọ pé ó dùn ọ́, ká máa lọ sílé."

"Màmi."

"Mi ò sọ pé ọmọ burúkú ni Fadérera. Ṣùgbọ́n ìyá tirẹ̀ náà wà lọ́hùn-ún, ohun tí mò ń sọ fún ọ lòun náà ń sọ fún un. Ilé-ìwé gíga wo ló máa gba ọmọ tó ti Àkúrẹ́ bọ̀? Àbí o rò pé òun á dúró kó o máa ronú?"

"Màmi, okùn yín mélòó ló wà?"

"Ó ju igba lọ. Àwọ̀ ewé sì ni gbogbo ẹ̀." Ó fi ìgbéraga díẹ̀ sọ ọ́.

"Ta ló lè pè yín ní ọ̀pẹ nínú wọn, tẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín?"

Màmi bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀pà inú àwo, kò jẹ ẹ́. Nígbà tó yá ó ní, "Mo ti ní irú ẹ̀ rí. Kí n tó lọ́kọ." Lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ pé kí ọmọ rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì kankan mọ́.

Mopélọ́lá kọjú sí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ kan dùn ún lóòótọ́. Bó bá tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́, kò ní í jẹ́ irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò sí lára àwọn èyí tí ògiri kà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ àgbà kú, Fadérera kọ ọ́ sórí Pátákó pé: *Ẹ bá mi kí Mopélọ́lá mi, akíkanjú ọmọ, ìràwọ̀ tí òkùnkùn kò lè bò.* Ìwọ̀n ní kò sí ọ̀rọ̀ tó tutù tó bẹ́ẹ̀ láàárín wọn rí. Àwọn èrò fi òdòdó ránṣẹ́ títí ojú ìwé náà fi kún. Mopélọ́lá náà fèsì pé *o ṣeun, ọ̀rẹ́ àtàtà*, ẹ̀gbà rẹ̀ sì tàn yòò bí ewé àárọ̀ kùtùkùtù. Ṣùgbọ́n Fadérera kò yọjú sílé títí wọ́n fi sìnkú tán. Kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ní kíláàsì wọn, ọmọ tó jókòó tì ọ́ á fi òdòdó ránṣẹ́ sí ọ, kò ní gbójú sókè wò ọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Fadérera wọlé wẹ́rẹ́, kò kí ẹnikẹ́ni kú àdánù. Ó gbé ọpọ́n bàbá àgbà kúrò lára ògiri, ó pín ọmọ sínú ilé, ó ní, "Jókòó, ọ̀pẹ, bàbá àgbà ò sí ńbí tó máa gbà ẹ́ sílẹ̀." Mopélọ́lá bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn ún. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbà wọn kọ́kọ́ di àwọ̀ ìyeyè.

Nítorí náà, Fadérera méjì ló wà. Èwo ló jókòó sí yàrá ọ̀tún?

Ó ronú nípa rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọpọ́n. Fadérera kì í jẹ méjì. Bí o bá fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un, á wò ó, á fi sílẹ̀, á máa kó ọmọ jọ sí ilé kan títí yóò fi di odù, á sì fi gbogbo rẹ̀ yí ọpọ́n ká lẹ́ẹ̀kan náà. *Ó dùn mí*, ọmọ méjì nìyẹn. Kékeré ni, ó dájú, ó sì wà níwájú ẹni. Fadérera kò ní í jẹ ẹ́.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ̀ ṣe balẹ̀ tán ló rántí pé ọpọ́n ní apá kejì.

Èmi ńkọ́? Bí Fadérera bá ń fi ojú ayò wò mí, kí ló ń rí?

Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti gbọ́ ọ títí ó fi sú u. "Ọ̀kánjúwà! O ti tún jẹ méjì. Bí wọ́n bá fi ọmọ méjì ṣe ìdẹ sínú pàkúté, inú ẹ̀ la ti máa bá ẹ." Mopélọ́lá kì í fi méjì sílẹ̀. Kò fi sílẹ̀ rí. Bí Fadérera bá gbọ́n, á mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun á jẹ ohun tó wà níwájú rẹ̀, á sì yáa tètè gba ara rẹ̀ là. Ìwọ̀n kò nílò láti ya ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé ohun tó rọrùn jù síwájú àwọn méjèèjì ni, ó sì kẹ̀yìn wọn síra.

Ó gbé ìka sí òkè bọ́tìnnì àkọ́kọ́, ó rí bó ṣe rọrùn tó. Ó tún mú un kúrò níbẹ̀.

Bí mo bá lọ sí Àkúrẹ́, ló sọ fún ara rẹ̀, ó kéré tán màá lè sọ pé ẹ̀ẹ̀kan wà tí mi ò jẹ méjì.

Ó tẹ ẹ̀kẹta mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan bí ẹni tó ń tẹ èdìdì.

Màmi kó ẹ̀pà tó ti bó sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí Arábìnrin Adétúlà wọlé, ó kọ́kọ́ wo tábìlì. Ó jókòó, ó tún bọ́ bàtà.

"Mi ò tíì ṣàlàyé dé ìdajì fún ọ̀rẹ́ rẹ," ló wí, "tó ti tẹ tirẹ̀. Mo ní kó dúró, kó gbọ́ ewu tó wà níbẹ̀. Ó ní òun á gbọ́ ọ bí òun bá ti tẹ̀ ẹ́ tán."

"Èwo ló tẹ̀, Mà?"

Alárinà náà na ìka sí ẹ̀gbà rẹ̀. Iná pupa náà ti ń kú lọ. Kò yí sí àwọ̀ ewé, kò yí sí ìyeyè. Ó kàn kú ni, ẹ̀gbà sì di irin lásán.

Lára ògiri, àwọn àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n tó parẹ́. Ọmọdé méjì tí eyín iwájú wọn ti yọ. Ọmọdé méjì nínú òjò, pẹ̀lú ewé kókò lórí. Fadérera tó sùn sórí ìwé ìṣirò. Mopélọ́lá kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ ni òun máa fẹ́ dì mú. Ó dìde, bí ẹni tó fẹ́ mú èyí tó kẹ́yìn, ògiri sì funfun.

"Ẹ kì í ṣe ọ̀rẹ́ mọ́ lábẹ́ òfin," ni Arábìnrin Adétúlà wí, ohùn rẹ̀ kò le. "Mo rò pé o ti ka ọmọ ayò rẹ dáadáa kó o tó ta á."

Mopélọ́lá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ ṣeun, Mà."

"Dìde. Gbé ẹ̀pà yẹn dání, kó o fún àjèjì kan jẹ níta."

*

Fadérera wà lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé náà, nínú oòrùn, ó ń fọwọ́ yí ẹ̀gbà rẹ̀ tó ti kú. Mopélọ́lá dúró lókè rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń retí kí nǹkan ké. Nǹkan kan ò ké. Ẹnì kan gbá ilẹ̀ kọjá, ó ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀, wọ́n gbẹ́sẹ̀.

"Ẹ káàsán o," ni Fadérera wí, ó tẹríba bí ẹni tó pàdé ìyàwó olóyè. "A ò mọra rí. Ẹ jọ̀wọ́, kí lorúkọ yín?"

Ẹ̀rín gbọn Mopélọ́lá débi pé ó ní láti di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú. "Orí ẹ ò pé."

"Ẹ gbọ́ bí àjèjì ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀!"

"O ò tilẹ̀ ronú. Alárinà ní o ò jẹ́ kí àwọn parí ọ̀rọ̀."

"Bí mo bá ronú, mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ ẹ́. Èmi gan-an ni mò ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé o kì í fi méjì sílẹ̀." Fadérera wo ìsàlẹ̀. "Mo ti ń di ẹrù Àkúrẹ́ lọ́kàn mi. Mo ti pín aṣọ mi fún àbúrò mi tán."

"Kí ló wá dé tó o fi tẹ̀ ẹ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí kí n máa kọ nǹkan tó tutù sórí Pátákó. Ìwọ nìkan ni mi kì í sọ̀rọ̀ tútù fún lójúkojú, ìwọ nìkan lọ̀rọ̀ ẹ sì máa ń yé mi. Bí o bá jẹ mí, o jẹ mí. Ká kúkú lọ."

Mopélọ́lá sọ̀ kalẹ̀ sí àtẹ̀gùn kan náà. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Ó rọrùn láti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa lọ sórí àpáta, kí inú wọn máa dùn. Ọmọ méjì mìíràn nìyẹn náà.

"Ọ̀rọ̀ kan wà," ló wí. "Ògiri ò kà á. Èyí tó o kọ nígbà tí bàbá àgbà kú. Ìràwọ̀ tí òkùnkùn ò lè bò."

"Gbogbo ayé ló fẹ́ràn ìyẹn."

"Mo mọ̀. Mo jókòó sílé, mò ń ka òdòdó tí àwọn tí mi ò mọ̀ fi ránṣẹ́, mò ń wo ẹnu ọ̀nà. O ò wá. Ó dùn mí, Fadérera. Ó ń dùn mí títí di àárọ̀ yìí."

Fadérera yára wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, láti mọ bó ṣe wúwo tó. Irin lásán ló rí níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo ojú Mopélọ́lá, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ìwé kíkà.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó fọwọ́ gbá eruku ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò.

"Jókòó," ló wí. "Sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá àgbà kú."